Àgbàlá Tí Ìgbálẹ̀ Gbé Lọ

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ ti bi mí ní ọ̀pọ̀ ìbéèrè láti ìgbà tí mo ti dé. Ẹ ní ṣé lóòótọ́ ni wọn kì í kí èèyàn l'Ékòó, ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń ra omi mu láàárọ̀ lọ́sàn-án. Kò sí ẹnì kan tó bi mí pé báwo ni ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nítorí ilẹ̀ ni mo ṣe lọ. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé tí mo bá dé ilé onílé, ilẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń wò kí n tó wo ojú onílé, ìyàwó mi sì ti bá mi jà sí i láìmọye ìgbà.

Iṣẹ́ mi ni pé mo máa ń tún àyíká ilé ṣe. Mo máa ń gbin òdòdó àti koríko, mo máa ń to òkúta, mo máa ń la ọ̀nà láti ẹnu géètì dé ẹnu ilẹ̀kùn, mo sì máa ń wá ibi tí ibòòji yóò ti bo onílé lórí nígbà tí oòrùn bá mú. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ẹ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ohun tí ewúrẹ́ yóò jẹ ni mò ń gbìn kiri. Mo ti gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ewúrẹ́ yìí ló gbé mi dé Súrùlérè, oṣù mẹ́rin ni mo sì lò níbẹ̀. Ó ti ń lọ sí ọdún méjì báyìí, síbẹ̀ kò sí àárọ̀ kan tí mi ò rántí àgbàlá náà.

Costain

Costain, ibùdókọ̀ tí ọkọ̀ já mi sí l'Ékòó, ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé mo ti di àlejò. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo gbé àpò mi kọ́ èjìká, mo sì kí ẹni mẹ́ta bí a ṣe ń kíni nílé. Ẹni méjì kò wo ojú mi. Ẹnì kẹta dúró, ó bi mí pé kí ni mò ń tà. Inú bí mi. Mo ní lọ́kàn mi pé irú ìlú wo lèyí tí ìkíni ti di ìpolówó ọjà.

Kò pẹ́ tí ìyá kan tó gbé ẹyin lọ́wọ́ gbọ́ mi níbi tí mo ti ń bèèrè ọ̀nà. Ó ní, "Ará òkè ni yín, àbí? Ẹ wo ibi tẹ́ ẹ dúró sí, mọ́tò á gbá yín dànù o!" Kò kí mi, kò bi mí lórúkọ, ṣùgbọ́n ó di apá mi mú, ó bá mi sọdá, ó tún bá mi sọdá, ó fi mí sínú kẹ̀kẹ́, ó sì sọ fún oníkẹ̀kẹ́ pé, "Ẹ gbé dádì yìí dé ẹnu ọ̀nà gan-an o, wọn ò mọ ibì kankan."

Ojú tì mí, nítorí n kò dàgbà tó dádì rẹ̀. Nígbà tí mo máa yíjú padà kí n dúpẹ́, ó ti lọ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀ nìyẹn: wọn ò ní kí ọ, wọn ò sì ní jẹ́ kí o sọnù. Ó tó oṣù kan kí ó tó yé mi, ó sì wà lára ohun tí ọkàn mi ń fà sí jù báyìí.

Ilé Ìyá Délé

Ẹni tó ránṣẹ́ pè mí ni Ìyá Délé. Òun àti àǹtí mi tó ti dolóògbé ni wọ́n jọ ta aṣọ ní ọjà Tẹ́júoṣó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tó wá sí ìsìnkú àǹtí mi níbí, ó rí iwájú ilé tí mo tún ṣe, ó rọra bi mí pé ta ló to òkúta yẹn. Mo ní èmi ni. Kò sọ nǹkan kan mọ́. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni fóònù mi dún, ó ní, "Àjàní, máa bọ̀, omi fẹ́ lé mi nílé."

Ilé ilẹ̀ ni ilé náà. Ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ, ó ti lé ní ogójì ọdún, ọkọ náà sì ti kú. Àwọn ọmọ mẹ́ta tí wọ́n bí síbẹ̀ ti wà lókè òkun. Igi fúrúùtù ńlá kan wà ní àgbàlá, abẹ́ rẹ̀ tutù nini. Gbogbo ilẹ̀ yòókù jẹ́ yanrìn, kò sí ewéko kan lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ́ débi pé mo bọ́ bàtà mi sẹ́nu géètì láìmọ̀. Ojú ìgbálẹ̀ hàn lórí rẹ̀ ní ìlà-ìlà bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dì. Mo yìn ín. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yìí, àfi ọjọ́ tí mo bá bímọ nìkan ni n ò gbá a."

Kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ iṣẹ́ kí n tó jẹun. Ẹ̀bà ló tẹ̀, ó bu ọbẹ̀ panla lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó jókòó tì mí títí mo fi fọwọ́. Ìgbà náà ló tó là á mọ́lẹ̀.

"Omi wọ pálọ̀ mi lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún tó kọjá, Àjàní. Délé ti bá mi ṣe ìwé Kánádà. Ó ní ká ta ilé, kí n wá máa bá òun gbé. Mo wá bá a ṣe àdéhùn kan: tí omi bá tún wọ pálọ̀ yìí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún yìí, n ó di ẹrù mi."

Mo ní, "Ẹ ò bẹ̀ ẹ́ ni, Mà?"

"Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ò lè máa sùn. Ọmọ tó ń ro ti ìyá rẹ̀, kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Ṣùgbọ́n ibí ni bàbá wọn kú sí. Ibí ni mo ti mọ orúkọ gbogbo ẹni tó ń kọjá lójú títì. Ta ni mo mọ̀ ní Kánádà?" Ó wo ojú mi. "Ṣé o lè bá mi lé omi?"

Mo ní mo lè lé e. Ẹnu mi yá ju ọwọ́ mi lọ lọ́jọ́ náà, kí n má parọ́.

Àlejò

Ẹ̀wà aganyin ni oúnjẹ tí n kò lè gbàgbé. Mo rò pé mo mọ ẹ̀wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n se é títí ó fi rọ̀ bí ẹ̀kọ, wọ́n wá bu ata dúdú tó ń dán lé e lórí, wọ́n ní kí n fi búrẹ́dì gbígbóná jẹ ẹ́. Òkèlè àkọ́kọ́ ni omi ti bọ́ lójú mi. Ìyá Délé rẹ́rìn-ín títí, ó ní ẹni tí òun pè wá lé omi, omi ló ń dà lójú rẹ̀ yẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi fúnra mi ni mo gbé abọ́ jáde.

Mo dọ̀bálẹ̀ kí bàbá kan tó ń gbé ní òdìkejì títì. Bàbá náà ta gìrì, ó ní, "Ọmọ ta nìyí?" ó sì pe ìyàwó rẹ̀ síta pé kó wá wo nǹkan. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo àdúgbò ti ń pè mí ní Ará Òkè. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbé kọ̀ǹpútà lọ síbi iṣẹ́ ní Yábà láàárọ̀ náà ń pè mí bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní, "Ará Òkè, gúùdù mọ́níìn sà!" wọ́n á sì ti kọjá kí n tó dáhùn. Ó kọ́kọ́ dùn mí. Nígbà tó yá, tí wọn ò bá pè mí bẹ́ẹ̀, mo máa ń rò pé mo ti ṣẹ̀ wọ́n.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, wíwò ni mò ń wò. Bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wa nìyẹn. O ò gbọdọ̀ fi ọkọ́ kan ilẹ̀ tí o kò tíì wò. Mo wo ibi tí oòrùn ń bọ́ sí lọ́sàn-án. Mo wo ibi tí ẹsẹ̀ ń gbà láti géètì dé ilẹ̀kùn, nítorí pé ibi tí ẹsẹ̀ bá ti ń gbà, o ò lè fi òdòdó dí i, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ pa ni. Mo wo àga tí Ìyá Délé máa ń jókòó sí ní fàráńdà, mo jókòó sórí rẹ̀ nígbà tí kò sí nílé, kí n lè mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí. Gbogbo nǹkan wọ̀nyí ni mo wò. Ohun tó ṣe pàtàkì jù wà níwájú mi lójoojúmọ́, n kò sì rí i.

Mùṣín

Délé pè lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ tutù, ó sì ń bọ̀wọ̀ fún mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn bá wa fi ìńtálọ́ọ̀kì bo gbogbo ẹ̀. Ká gbàgbé ọ̀rọ̀ òdòdó."

Ẹ ti rí ìńtálọ́ọ̀kì, àwọn bíríkì símẹ́ǹtì tí wọ́n ń tò wọnú ara wọn sílẹ̀ ní ọgbà ilé ìjọsìn àti ilé epo. Mo ní, "Àbúrò, ilẹ̀ tí a bá bò pátápátá, níbo ni òjò fẹ́ wọ̀ sí? Pálọ̀ Màmá náà ni." Ó mí kanlẹ̀, ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n àdéhùn ṣì jẹ́ àdéhùn o.

Síbẹ̀, mo gbọ́dọ̀ rí ìńtálọ́ọ̀kì díẹ̀ fún ojú ọ̀nà. Ìyẹn ló gbé mi dé Mùṣín lọ́dọ̀ Gàníyù, ọkùnrin kan tó ń mọ ọ́n tà. Ibi iṣẹ́ rẹ̀ wà láàárín àwọn mẹkáníìkì, ariwo irin lọ́tùn-ún, ariwo rédíò lósì, òun náà sì ń pariwo láàárín wọn. Ó fi bẹ́ǹṣì símẹ́ǹtì kan fún mi láti jókòó, ó ra mínírà fún mi, nígbà yẹn ló tó bi mí pé ta ni mí. Mo bi í bóyá ó lè bá mi rí yangí, òkúta pupa tí a máa ń tò sí ẹsẹ̀ ògiri níbí. Ó wò mí tàánú-tàánú.

"Yangí kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n, orí yanrìn la jókòó sí níbí o. Ìńtálọ́ọ̀kì wà, òkúta wẹ́wẹ́ wà. Ẹ mú èyí tó wù yín, ká ṣe é ṣápú-ṣápú." Ó tún fà sún mọ́ mi. "Ṣùgbọ́n ẹ wo gọ́tà yín dáadáa kẹ́ ẹ tó ṣe nǹkan kan. Gọ́tà Súrùlérè kì í ṣe ẹgbẹ́ eré."

Mo ní kó fi mí sílẹ̀, mo ní mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí ọjọ́ ti pẹ́. Nílé níbí, ilẹ̀ wa dagẹ̀rẹ̀. A máa ń gbé ìdí ilé ga, a ó mú ẹnu géètì rẹlẹ̀, òjò á rọ̀, omi á gba ẹnu ọ̀nà jáde, ó di ti ìjọba. Ohun tí mo mọ̀ nìyẹn, ohun tí mo sì lọ ṣe nìyẹn.

Omi dé

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan ni òjò náà dé. Èmi àti Gàníyù, tó ti wá ń bá mi ṣiṣẹ́, ti gbẹ́ ojú omi kan tààrà láti ẹsẹ̀ fàráńdà dé ẹnu géètì. Mo dúró lórí àtẹ̀gùn, mo ká apá mi, mo ń retí ìyìn. Omi inú àgbàlá kọ́kọ́ gbọ́ tèmi. Ó ń lọ sí géètì wọ́ọ́rọ́wọ́, mo sì wo Ìyá Délé, mo rẹ́rìn-ín.

Gọ́tà wá kún. Títì ìta ti ga ju àgbàlá lọ fíìfíì, nítorí gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tún un ṣe, orí ọ̀dà àtijọ́ ni wọ́n ń da tuntun lé. Ọ̀nà tí mo là fún omi láti jáde, ọ̀nà náà ni omi gọ́tà gbà wọlé, tòun ti ọ̀rá omi àti ewé àti bàtà ẹsẹ̀ kan. Ó ń gun àtẹ̀gùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi àti Ìyá Délé ń kó àpò yanrìn dí ẹnu ilẹ̀kùn. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó ká ìró rẹ̀ dé orúnkún. Omi náà dé orí àtẹ̀gùn tó kẹ́yìn, ó rin ẹní ìnusẹ̀ tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn gbingbin. Ibẹ̀ ni òjò ti dá.

Ìyá Délé bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ pa ilẹ̀ pálọ̀. Gbígbẹ ni. Ó jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri.

"Kò wọlé," ó ní. "Ẹnu ilẹ̀kùn ló dé. Pálọ̀ ni mo bá Délé sọ." Ó gbójú sókè wò mí. "Ṣùgbọ́n Àjàní, ó jọ pé ìwọ lo lọ pè é wá."

Mo fẹ́ di ẹrù mi kí n máa bọ̀ wálé, òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn. Kì í ṣe ìtìjú nìkan ló bá mi, ẹ̀rù bà mí, nítorí omi díẹ̀ sí i, èmi ni n bá fi ọwọ́ ara mi lé ìyá náà kúrò nílé ọkọ rẹ̀. Nígbà tí Gàníyù dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Ó ní, "Kí ni ti bínú ńbẹ̀, Ẹ̀gbọ́n? Gbogbo wa náà ni Èkó ti kọ́ lọ́gbọ́n. Ẹ jẹ́ ká tún un bẹ̀rẹ̀."

Ìgbálẹ̀

Ibi tí mo jókòó sí lórí àtẹ̀gùn láàárọ̀ náà ni mo ti rí ohun tó yẹ kí n ti rí. Ìyá Délé ń gbálẹ̀. Ó tẹ̀ba, ó fi ọwọ́ kan sẹ́yìn, ó ń fi ìgbálẹ̀ ọ̀pẹ fa ilẹ̀ láti ìdí ilé bọ̀ sí géètì. Ó kó ewé fúrúùtù jọ sínú páànù, ó jáde, ó dà á sí ẹ̀gbẹ́ ògiri ìta. Mo tẹ̀ lé e, mo wo inú páànù náà. Ewé kò pọ̀ níbẹ̀. Yanrìn ni.

Mo padà wá wo ilé náà. Àtẹ̀gùn símẹ́ǹtì mẹ́ta ni ọkọ rẹ̀ kọ́. Ìkẹrin tó wà nísàlẹ̀ jẹ́ bọ́lọ́ọ̀kù tí wọ́n gbé síbẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ kò dé ilẹ̀ mọ́. Ìpìlẹ̀ ilé ti yọ síta yí ká. Gbogbo gbòǹgbò igi fúrúùtù wà lókè bí iṣan ọwọ́ àgbàlagbà. Lójoojúmọ́, páànù kan, fún ohun tó lé ní ogójì ọdún. Ìgbálẹ̀ ti kó àgbàlá náà lọ sí ìta, ó ku kòtò tí omi ń wá jókòó sí.

Àwa náà ń gbá ilẹ̀ níbí. Ìyá wo ló kọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ tí kò kọ́ ọ láti gbálẹ̀ kí oòrùn tó yọ? Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tiwa le, ojú rẹ̀ nìkan ni ìgbálẹ̀ ń ha. Yanrìn Èkó kò lágbára bẹ́ẹ̀.

Mo sọ fún Gàníyù. Ó ní, "Mo ti gbọ́. Ta ló máa wá sọ fún Màmá?" Mo ní kó sọ ọ́. Ó ní, "Èmi kọ́ o! Ẹ̀yin ará òkè lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀."

Mo lọ bá a ní fàráńdà. Mo yí ọ̀rọ̀ náà ká bí adìẹ tó ń wá ibi tó máa yé sí. Mo yin ilẹ̀, mo yin igi, mo yin ọkọ rẹ̀ tó kọ́lé. Níkẹyìn mo ní, "Mà, ẹ dákun, ilẹ̀ yìí ti mọ́ jù."

Ó wò mí. Ó wo àtẹ̀gùn. Ó wo bọ́lọ́ọ̀kù tó wà lábẹ́ rẹ̀. Kò sí ohun tí mo tún nílò láti ṣàlàyé.

"Èmi ni mo gbé e lọ?"

Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní kó má bínú. Ó ní kí n dìde, ó wọlé lọ.

Ọjọ́ méjì ni kò fi gbálẹ̀. Ewé fúrúùtù bo ilẹ̀, pupa àti rúsúrúsú. Mo jí ní ìdájí, n kò gbọ́ ìró ìgbálẹ̀, gbogbo ilé náà dà bí ilé tí wọ́n ti kó kúrò. Bàbá òdìkejì títì wá kan géètì, ó bi mí bóyá ara Màmá ò yá, ó ní ìgbálẹ̀ rẹ̀ ni àwọn fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Ó dùn mí gan-an. Mo wá lé omi, mo wá gba iṣẹ́ òòjọ́ àgbàlagbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, ó jáde pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, ó dúró tì mí.

"Àjàní, tí o bá tún ibí ṣe tán, níbo ni n ó máa gbá?"

Ìbéèrè yẹn kọ́ mi níṣẹ́ tí ọ̀gá mi kò kọ́ mi. Mo ti wo ọ̀nà oòrùn àti ọ̀nà ẹsẹ̀, n kò wo ọ̀nà ìgbálẹ̀. Àgbàlá tí kò bá ìwà onílé mu, oko lásán ni, bó ti wù kó lẹ́wà tó.

Òkìtì

Mo ní kó wá fi ìgbálẹ̀ fàlà sílẹ̀ fún mi, ibi tó bá wù ú kó máa gbá. Ó fa ìlà kan láti ẹnu ilẹ̀kùn dé géètì, ó sì yí apá kan ká níwájú fàráńdà níbi tí àlejò máa ń jókòó sí. Ibẹ̀ ni a to ìńtálọ́ọ̀kì sí, pẹ̀lú yanrìn nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìgbálẹ̀ lè kó ewé kúrò lórí rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, kò lè kó ilẹ̀.

A wá jáde lọ síbi òkìtì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ìta. Ó ga dé àyà mi, àwọn èèyàn àdúgbò rò pé bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí. Gàníyù ti ṣọ́bìrì bọ̀ ọ́, ó hú yanrìn jáde, ó sì jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ti àgbàlá. À ń fi wíìbárò kó o wọlé. Ìyá Délé gbé àpótí jókòó sẹ́nu géètì, ó ń fi ajọ̀ jọ ọ́ kí a tó dà á. Ó rí bọ́tìnì, ìdérí kóòkì, ìlẹ̀kẹ̀ ọmọbìnrin rẹ̀, táyà mọ́tò ìṣeré. "Ti Délé lèyí," á ní. "Ó sunkún odindi ọjọ́ kan nítorí rẹ̀. Mo nà án pé kó dákẹ́." Á rẹ́rìn-ín, á nu ojú. Ọjọ́ mẹ́rin tí a fi ṣe iṣẹ́ yẹn, n kò rò pé mo tíì ṣiṣẹ́ tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Ilẹ̀ ilé padà sílé. A fi dí ìpìlẹ̀, a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, a bo gbòǹgbò igi díẹ̀díẹ̀ kó má baà kú. A gbé ẹnu géètì ga, kí omi gọ́tà tó bá fẹ́ wọlé rí i pé òkè ló wà níwájú òun. Omi òjò tó bá wá rọ̀ sínú àgbàlá ńkọ́? A gbẹ́ kòtò fífẹ̀ kan sí ọ̀ọ́kán, jìnnà sí ilé, a da òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀, a da yanrìn lé e, mo sì gbin àwọn ewéko tó fẹ́ràn omi síbẹ̀: kókò nísàlẹ̀, ìdò olódòdó pupa sí i lẹ́yìn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ lápá ògiri. Èyí tó kúrú níwájú, èyí tó ga lẹ́yìn, kí ojú ẹni tó wà ní fàráńdà lè rí gbogbo wọn. Gàníyù wo kòtò náà, ó mi orí. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ gba omi lálejò ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo ní àlejò tí a bá fún ní àga kò ní wá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì wa.

Òjò ńlá

Òjò tí gbogbo wa ń bẹ̀rù dé ní àárọ̀ ọjọ́ kan, kò sì dá títí ọ̀sán fi pọ́n. Mo ti rí òjò nílé, n kò rí irú ìyẹn. Títì ti di odò, a ń gbọ́ ohùn àwọn ará òdìkejì tí wọ́n ń kó ẹrù sókè. Omi gọ́tà wá sí ẹnu géètì wa, ó lu òkè tí a ṣe síbẹ̀, ó yí padà. Ti inú àgbàlá kó ara rẹ̀ jọ lọ sínú kòtò. Kókò wọ inú omi dé ọrùn. Ìdò dúró. Ìyá Délé kò kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn pálọ̀, ó ń wo ilẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì, mo mọ̀ pé àdúrà ló ń gbà.

Òjò rọlẹ̀. Omi kò dé àtẹ̀gùn kan. Ìgbà náà ni fóònù dún, Délé ni, ojú rẹ̀ hàn nínú rẹ̀.

"Màmá, mo rí i nínú ìròyìn pé Súrùlérè ti kún. Ṣé ó ti wọlé? Ẹ má tàn mí o."

Ìyá Délé gbé fóònù fún mi pé kí n fi hàn án. Mo fi kòtò hàn án, tó kún tó sì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Mo fi àtẹ̀gùn hàn án. Mo wọ pálọ̀, mo fi ọwọ́ pa ilẹ̀ níwájú rẹ̀, mo gbé àtẹ́lẹwọ́ mi sókè kó rí i. Délé sún ojú mọ́ fóònù.

"Ó dáa," ó ní. "Ó dáa, Màmá. Ẹ dúró síbẹ̀ náà. Mi ò ní sọ̀rọ̀ Kánádà mọ́."

Mo pariwo ayọ̀. Ìyá Délé kò pariwo. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó gbé e sún mọ́ ojú.

"Èmi ò lọ ibì kan tẹ́lẹ̀, Délé. Ẹ̀yin lẹ lọ. Ọmọ rẹ ti pé ọdún méje, n ò tíì fọwọ́ kàn án rí. Ìgbàkígbà tí mo bá ní kẹ́ ẹ wá, wàá ní omi ń wọlé, àwọn ọmọ á ṣàìsàn. Omi ò wọlé mọ́. Kí ló kù?"

A gbọ́ ohùn ọmọdé kan lẹ́yìn Délé, ó ń bi í ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé ta nìyẹn. Délé wo ẹ̀yìn, ó wo ìyá rẹ̀, ó fi ọwọ́ bojú.

"Ìyá mi ni," ó sọ fún ọmọ náà. "A máa lọ kí wọn."

Ìyá Délé ní, "Ìgbà wo?"